Orúkọ Ìyàwó Àárọ̀

Eyín òòyà onídìrí kán sínú irun ìyá ọkọ rẹ̀. Irun náà kò le o; funfun báláú ni, ó rọ̀ bí òwú. Onídìrí ló ń fà á tagbáratagbára.

"Rọra!" ni Màmá wí, ó sì pe orúkọ kan lé e.

Kì í ṣe orúkọ tirẹ̀. Orúkọ ìyàwó àárọ̀ ọkọ rẹ̀ ni, ẹni tó ti kú kí òun tó mọ ojú ọ̀nà ilé yìí rárá. Láàárọ̀, orúkọ yẹn. Nídìí oúnjẹ, orúkọ yẹn. Níwájú àwọn oníbàárà tó wá dirun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun náà ni, tí wọ́n á máa wojú ara wọn, tí wọ́n á máa fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní bí a bá pe òkú ní pópó, alààyè ní í dáhùn. Ó ti dáhùn títí ọ̀fun fi gbẹ.

Kí ọkọ rẹ̀ tó lọ síbi iṣẹ́ káfíńtà ló ti sọ fún un: "Tí Màmá bá tún fi orúkọ yẹn pè mí lónìí, màá kó ẹrù mi." Ọkọ gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àpò sì rèé lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti kún.

Onídìrí dìde, ó jókòó. Ó mú òòyà mìíràn, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Màmá ní tirẹ̀ ń kọrin, ó ń fẹsẹ̀ lulẹ̀, orí ń mì lọ mì bọ̀:

"Ẹ bá mi sọ̀ ọ́, ẹrù wúwo,
ẹ bá mi sọ̀ ọ́, ọrùn ń ro mí…"

"Màmá, ẹ dúró ná. Kí ni orúkọ mi?"

Orin já. Màmá pe orúkọ rẹ̀ pérépéré, ó tún fi ti bàbá rẹ̀ kún un. Àbí ẹ ò rí nǹkan!

"Ẹ mọ̀ ọ́n!"

"Orí tí ò ń fà látàárọ̀ yìí, ó ti dàrú ni?" Màmá fọwọ́ wá ọwọ́ rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń pe ìyàwó àárọ̀ mọ́ nílé yìí, ọmọ mi. Tí n bá dárúkọ ẹ̀, ṣe lọkọ ẹ máa ń jáde síta. Ìwọ nìkan lò ń dá mi lóhùn. Ó dáa, mi ò ní í pè é mọ́."

Lóòótọ́, títí di ìrọ̀lẹ́, orúkọ onídìrí ló ń dún, bó ṣe yẹ kó dún gẹ́lẹ́. Màmá fi béèrè omi, ó fi béèrè aṣọ ìbora. Kò kọrin mọ́. Kí ló wá dé tí ara onídìrí kò lélẹ̀? Ó gbálẹ̀ tó ti gbá, ó tún un gbá.

Káfíńtà wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ wò. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ìyàwó àárọ̀, ketekete.

"Irú irun wo ló máa ń dì?"

Ọkọ ti ń dìde. Onídìrí dì í mú níbi ọwọ́ ẹ̀wù. Ọkọ jókòó padà.

"Kì í dirun. Gígé ló máa ń gé e mọ́lẹ̀, bíi tèmi yìí."

"Òun fúnra ẹ̀ ló ń dá a gé!" Màmá ké láti inú yàrá. "Ẹ̀gbẹ́ kan á ga, ẹ̀gbẹ́ kan á pá!"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ nu ojú. Onídìrí jókòó tì í. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí obìnrin náà kedere, pẹ̀lú orí rẹ̀ tó rí gbágungbàgun. Kò jọ òun rárá.