Obìnrin Orí Dọ́là Fàdákà

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ìwé mi rẹ́rìn-ín o, n kò kàwé jìnnà. Mo lálàá pé mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ dọ́là fàdákà Ìyá àgbà, mo sì gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń yẹ owó àtijọ́ wò. Ó fi awò wò ó, ó pariwo: "Ká ní wọn kò fọ̀ ọ́ ni, ipò kìíní ni ì bá wà láàárín owó àtijọ́; fífọ̀ ti ba iye rẹ̀ jẹ́! Ta ló fọ̀ ọ́?" Obìnrin orí owó náà gbójú sókè. Kò ní imú mọ́, kò ní ẹnu, ó ní: "Ọmọ yìí, dá imú mi padà!" Mo fọwọ́ kan ojú ara mi, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán bí àwo. Mo ta jí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo da eérú nù, èyí tí Màámi bù sílẹ̀ láti fi fọ dọ́là náà, mo rọra wé owó náà padà sínú àkísà rẹ̀, dúdú bó ṣe wà.