Gegele Tí A Wọ̀n Gbẹ̀yìn

Ní ọdún 1912, ìjọba rán èmi àti àbúrò mi, Lyle, láti ya àwòrán ilẹ̀ ọgbà màlúù Bàbá Tackett ní ìwọ̀-oòrùn Texas. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ bí ẹní. Kò sí igi. Ẹni tó bá nàró ni igi ibẹ̀.

Èmi a dúró ti tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, n ó gbé ojú lé awò tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Lyle a gbé ọ̀pá ìwọnlẹ̀ onírin lọ sí òkèèrè, a sì nà án ró. Òfin ni pé kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí n ó fi fi fìlà juwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Tackett gun ẹṣin wá bá wa.

"Ẹ̀yin ọmọ ìjọba, ṣé ẹ ò rí bí ojú ọ̀run ṣe dúdú ni? Lọ́dún tó kọjá, àrá bọ́ sára wáyà ọgbà yìí, ó pa màlúù mẹ́tàdínlógún. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ẹ jọ̀ọ́."

"Bàbá, ó ku ẹyọ kan," ni mo wí. "Gegele ọ̀hún yẹn."

Lyle rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo ni kì í ku ẹyọ kan? Bọ̀dá Orrin, ẹ kàn má sùn lé awò o."

Ó lọ, ó na ọ̀pá ró. Mo ka iye rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sórí ìwé àwòrán ilẹ̀ tó wà lórí tábìlì. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ló wà lórí ìwé yẹn, àwa awọnlẹ̀ a sì máa gba ìwé là ká tó gba ara wa. Mo fi aṣọ onírọ́bà bò ó, mo ń so okùn rẹ̀, nígbà tí irun apá mi dìde. Irin ara awò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin.

Mo gbójú sókè. Lyle ṣì dúró. N kò tíì juwọ́ sí i.

Ẹ̀rù tó bà mí kò ní orúkọ. Mo ṣí fìlà, mo ń fì í, mo ń sáré, mo ń ké: "Lyle! Jù ú sílẹ̀! Dọ̀bálẹ̀!" Atẹ́gùn dá ohùn mi padà sí mi lẹ́nu. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, bí ẹni tó ń sọ pé òun ti rí mi.

Gbogbo nǹkan funfun báláú.

Bàbá Tackett bá wa nínú òjò. "Ṣé ó ń mí?"

"Rárá, sà."

Ó lọ mú kẹ̀kẹ́ ẹṣin wá. Mo jókòó ti àbúrò mi lórí gegele náà. Mànàmáná ṣì ń kọ, n kò sì bẹ̀rù mọ́.