Àga Tí Kò Sí Nínú Gbàǹjo

"Má wò ó mọ́!" Àbẹ̀bí fi ìgúnpá gbún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyá Bùkọ́lá, ojú tí o fi ń wo àga yẹn, tí ẹni tó ń ta ọjà bá rí i, ṣe ni yóò gbówó lé e."

Ìsìlámíyátù yáa gbójú kúrò lára àga, ó gbé e sórí abọ́ tánńganran kan. Ó gbé abọ́ náà sókè, ó fi èékánná ta á, ó yí ìdí rẹ̀ wò bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. "Ó ti sán," ló wí sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Kò sán rárá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá ń yin ọjà kó tó rà á, àpò ara rẹ̀ ló ń jà lólè.

Ilé kan ní Sanguéra ni wọ́n wà ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ilé tíṣà fẹ̀yìntì kan, Mùsíọ̀ Cyprien, tó ti di olóògbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ta ilé, wọ́n ní kí wọ́n lu gbogbo ẹrù inú rẹ̀ ní gbàǹjo. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tó ń dùn mọ́ Ìsìlámíyátù nínú láyé yìí, lẹ́yìn ọmọ àti ìrun kíkí, gbàǹjo ni. Ike ló ń tà lọ́jà Bè-Kpota, ike tuntun tó ń dán yinrin, ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí ẹyọ kan nínú rẹ̀ nílé tirẹ̀. Fúláàsì tó ń rọ omi gbígbóná sí, ti nọ́ọ̀sì kan ní Ablogamé ni. Aago ara ògiri rẹ̀, ti agbẹjọ́rò kan tó ti kú ni. Kò sí èyí tí kò mọ orúkọ olóhun nínú wọn. Bó bá ti ra nǹkan, á béèrè ẹni tó ni ín, bó bá sì ń lò ó, á ní, "Ọlọ́run kẹ́ ẹ o." Àbẹ̀bí máa ń sọ pé ilé Ìsìlámíyátù nìkan lèèyàn ti lè bá òkú mu tíì láì bẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n ti òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Orúnkún ti ń yọ Àjàní ọkọ rẹ̀ lẹ́nu tipẹ́. Àga onítìmùtìmù ilé wọn ti rẹlẹ̀ jù, tó bá ti jókòó sí i, kò lè dá dìde. Níbi ìsọmọlórúkọ kan lọ́dún tó kọjá, géńdé méjì ló fa bàbá náà dìde lójú gbogbo èrò. Fìlà rẹ̀ já bọ́, àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni Àjàní ti ní òun ò ní í dé ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Ó pa Jímọ̀ tì. Bí ọ̀rẹ́ bá wá kí i, á ní kí wọ́n sọ pé òun ń sùn. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ti ń kírun, ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ lẹ kọ́kọ́ máa ń gbọ́ kí ẹ tó rí i! Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ní kí káfíńtà wá wọ̀n ọ́n, kó kan àga gíga fún un, ńṣe ló gbaná jẹ.

"Ẹ fẹ́ wọ̀n mí? Ṣé pósí lẹ fẹ́ kàn fún mi ni?"

Ìsìlámíyátù ò bá a jiyàn. Ó dúró títí ọkọ rẹ̀ fi sùn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi okùn wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé orúnkún, ó sì ta okùn náà ní kókó. Okùn yẹn ló wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀ lónìí. Ó ti fi wọn àga tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ nígbà tí ẹnì kankan ò wò ó: àga onígi pupa, ọlọ́wọ́, gíga, ó ń dán bíi dígí. Kókó okùn bá ìjókòó rẹ̀ dọ́gba. Ọkàn rẹ̀ ti gbé àga náà délé ná.

Célestin tó ń lu gbàǹjo náà ti gun orí àpótí, ó ń fi Faransé àti Mina pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níwájú rẹ̀ gan-an ni Kẹ́hìndé dúró sí, ọkùnrin kan tó máa ń ra àga àlòkù, tí á kùn ún, tí á tún un tà. Bí Ìsìlámíyátù ti rí i ni inú rẹ̀ ti bàjẹ́ díẹ̀.

"Fara balẹ̀," Àbẹ̀bí wí. "Ìkòkò ló ń tà lọ́wọ́, àwo ló kàn, kó tó kan àga. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ìgbà yẹn ni Ìsìlámíyátù bojú wẹ̀yìn, tó rí ìyá arúgbó kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ó tẹ́ ìró lé itan, ìró náà bo àga tó jókòó lé títí délẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń wọlé ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé ara ẹrù ni òun náà. Ìsìlámíyátù alára ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láàárọ̀, àga ni ojú rẹ̀ ń wá. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ilé ọ̀fọ̀ ni mo wọ̀ yìí, n ò sì kí ẹnì kankan. Ta ló tọ́ mi gan-an?

"Àbẹ̀bí, mò ń bọ̀. Mo fẹ́ kí ìyá yẹn."

"Nísinsìnyí? Gbàǹjo la bá wá o!"

"N ò ní í pẹ́."

Hà! Yorùbá tó fẹ́ kí ọlọ́fọ̀, tó ní òun ò ní í pẹ́! Ẹ gbọ́ ná.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú aráfẹ́rakù o, mà."

Ìyá náà gbórí sókè bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Èdè Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ lágbègbè Atakpamé ló fi dáhùn, ṣùgbọ́n èdè méjèèjì jọra, kálukú sọ tirẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ara wọn. "O ṣé, ọmọ mi. Ìyá Esther ni wọ́n ń pè mí. Èmi ni ìyàwó rẹ̀."

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára."

"Àmín."

"Ọlọ́run á tù yín nínú. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ìkíni kan ń fa òmíràn. Ìyá Esther di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé nígbà tó ku ọ̀la kí bàbá kú, ó ṣì ń bá òun ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ìsìlámíyátù gbọ́ ohùn Célestin látinú pálọ̀: "Fauteuil! Fauteuil tó dára rèé!" Àga rẹ̀ ti kàn. Célestin ti fo àwo kọjá láì tà á.

Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ opó, opó náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ní kí ó fún òun lómi. Ta ni yóò fa ọwọ́ yọ níbẹ̀? Ó ń mi orí, ó ń ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà," etí rẹ̀ sì ń bẹ ní pálọ̀. Ó gbọ́ ohùn Àbẹ̀bí, ó gbọ́ ti Kẹ́hìndé, ó tún gbọ́ ti Àbẹ̀bí, lẹ́yìn náà ti Kẹ́hìndé nìkan.

"Une fois! Deux fois! Adjugé!"

Célestin ti ta àga fún Kẹ́hìndé, ó ti tán. Àbẹ̀bí sáré jáde, òógùn bò ó. "N ò mọ ibi tí agbára rẹ mọ! Mo ń fi kún un, ó ń fi kún un, ẹ̀rù bà mí. Ìyá Bùkọ́lá, wo ohun tí ìkíni dá sílẹ̀!"

Ìsìlámíyátù fẹ́ sọ pé kò burú. Ẹkún ló gbà á lẹ́nu.

"Kí ló ṣe é?" Ìyá Esther béèrè. Nítorí pé ẹkún ti tú àṣírí, Ìsìlámíyátù sọ gbogbo rẹ̀: orúnkún, fìlà tó bọ́, bẹ́ẹ̀dì tí ọkọ rẹ̀ ò kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Ìyá náà gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

"Àga yẹn? Ti àlejò ni. Cyprien ò jókòó sí i rí." Ó fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ó ká ìró rẹ̀ sókè. "Èyí ni tirẹ̀."

Àga náà ò dùn ún wò. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti họ, ẹnì kan sì ti kan igi funfun mọ́ ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti fi gbé e ga.

"Orúnkún tirẹ̀ náà ni," Ìyá Esther wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló kan igi wọ̀nyẹn, wọ́n sì máa ń dún bó bá ti ń dìde. Ojú ń ti àwọn ọmọ, wọ́n ní kí n jù ú nù. Atakpamé ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ Esther, yàrá tó fún mi ò gbà á. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó lé e kí wọ́n má baà lù ú ní gbàǹjo. Mò ń wo gbogbo ẹni tó ń wọlé, mò ń wá ẹni tí n óò fún. Kò sẹ́ni tó wojú mi."

Ìsìlámíyátù yọ okùn rẹ̀. Ó fi wọn ẹsẹ̀ àga. Kókó okùn bá ìjókòó àga náà dọ́gba. Nígbà tó ṣí pọ́ọ̀sì láti mú owó, ìyá náà pa á dé.

"Lọ gbé e fún ọkọ rẹ."

Àbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bínú sí ìkíni náà ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. "Ilé ọba tó jó," ó ń wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, "ẹwà ló bù sí i!"

Nílé, Àjàní wo àga náà láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ta ló ni ín?"

"Mùsíọ̀ Cyprien. Tíṣà ni wọ́n. Orúnkún ń dùn wọ́n bíi tiyín."

"Wọ́n ti kú?"

"Wọ́n ti kú."

"O fẹ́ kí n wá jókòó lórí àga òkú."

"Bàbá Bùkọ́lá, ife tí ẹ fi ń mu ẹ̀kọ láràárọ̀, ta lẹ rò pé ó ni ín?"

Àjàní wo ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ìsìlámíyátù fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ó wọ ilé ìdáná, ó ń bó iṣu tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ó gbọ́ tí igi àga dún. Kò bojú wẹ̀yìn. Igi tún dún. Nígbà tó yíjú padà, ọkọ rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, lórí ìdúró.

"Ta ló gbé yín dìde?"

"Ta ló wà ńlé?"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Alhamdulillahi," ló ń wí, "Alhamdulillahi," ó ń pàtẹ́wọ́.

"Ṣé o ti dúpẹ́?" Àjàní béèrè.

"Mo dúpẹ́ títí."

"Òní nìyẹn. Àárọ̀ ọ̀la ńkọ́? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Èmi ló jẹ oore, èmi ni n óò lọ kí wọn kú àná."

"Ẹ̀yin? Nínú ilé tó ti ṣófo? Kí lẹ máa jókòó lé?"

"A ó gbé e dání."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àjàní dé fìlà tí kò dé láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, wọ́n so àga mọ́ ẹ̀yìn takisí, ó di Sanguéra. Orí ẹní ni Ìyá Esther jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó ti rí àga náà ni ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Kò fẹ́ ẹ?"

"Ó wá kí yín ni, mà," Ìsìlámíyátù dáhùn.

Àjàní jókòó sí i, ó na ẹsẹ̀ díẹ̀, ó rí i pé àga ò rẹlẹ̀ jù fún òun mọ́. Nígbà tí ìyá náà gbé omi àlejò dé iwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ àga mú, igi dún, ó dìde fúnra rẹ̀. Ó ṣí fìlà.

"Orúnkún ò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n mo dìde. Ẹ ṣé àná."

Ìyá Esther gbé omi náà sílẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó wo àga, ó wo ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀.

"Jókòó, ọmọ mi," ló wí. "Jókòó, kí o tún dìde. Mo fẹ́ gbọ́ bí igi yẹn ṣe ń dún."