Àdúà fún Òkú Tí Kò Sí

Inú tròtrò, ọkọ̀ èrò, ni Muslimat wà, ó ń ti àdúgbò Madina ní Accra bọ̀ níbi tó ti lọ bá àǹtí rẹ̀ tójú ọmọ tuntun, nígbà tí fóònù rẹ̀ tó ti kú láti ìjẹta jí padà. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í ló yá a ní páwà báǹkì. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wọlé ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba: “Lọ́la la ó wá wo ibojì ọmọ ọba náà. Jọ̀wọ́, wà nílé.”

Lọ́la tí wọ́n wí náà ti di àná.

Àyà Muslimat là gààrà. Kì í ṣe torí pé àlejò wá kò bá a. Kò sí ọmọ ọba kankan ni, bàbá ìyá rẹ̀ tó ń pè ní Bàbá nìkan ló sì wà nílé.

Ìjọba ló kéde pé àdúgbò tó bá ní ohun àtijọ́ tí àwọn arìnrìn-àjò lè wá wò ní Accra, kí wọ́n jáde wá gba owó ìrànwọ́ láti fi tún un ṣe. Muslimat, tó ti ń yá ìwé ìtàn kà lọ́wọ́ onírúurú ènìyàn látìgbà tó ti kúrò nílé ìwé, wo àgbàlá wọn ní Kotobabi yí ká. Kí ló wà níbẹ̀? Ilé kéú Bàbá, ẹni tí aráyé ń pè ní Àáfà Sàláù, àti igun kékeré kan tí Bàbá fi sìmẹ́ńtì mọ yí ká. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ kéú ń da omi tí wọ́n fi fọ wàláà, pátákó tí wọ́n ń kọ kéú sí, sí, torí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà nínú omi náà, ẹsẹ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Téèyàn bá wò ó láti òkèèrè, ó jọ sàréè. Muslimat wò ó, ó tún un wò, títí ọmọ ọba kan fi dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lójú inú rẹ̀: ọmọ ọba tó sá fógun nílẹ̀ Yorùbá, tó fẹsẹ̀ rìn dé etí òkun, tó sì kú síbẹ̀ láìrẹ́ni sin ín àfi àwọn Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní Accra. Ó ròyìn rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba náà, obìnrin náà sunkún. Muslimat gan-an sunkún. Kò rò ó rárá pé wọ́n á bi Bàbá.

Ìsìlàmíyátù tó ń ta wáákyé, ìrẹsì oníẹ̀wà, lẹ́nu géètì ló kọ́kọ́ rí i nígbà tó délé.

“Ẹ yàgò lọ́nà fọ́mọ ọba o! Muslimat, gbogbo wáákyé tó o ń jẹ lọ́wọ́ mi, o ò sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé ọba ni yín! Ẹran kékeré ni mo sì máa ń bù fún ọ.”

“Ìsìlà, jọ̀ọ́. Kí ni Bàbá sọ fún wọn?”

“Màdámù ìjọba yẹn bi Bàbá pé ṣé ibẹ̀ ni wọ́n sin ọmọ ọba sí. Bàbá wò mí, wọ́n wo ògiri. Wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Màdámù ní ìwọ ni. Bàbá tún fìlà wọn dé. Wọ́n wá ní, ‘Bí Muslimat bá ti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni.’”

“Ó parí síbẹ̀?”

“Níbo! Màdámù ní kí wọ́n ṣàdúà fún òkú, kí àwọn fi fóònù ká a. Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ṣe é. Bí Màdámù ṣe ní a ti rí ìrànwọ́ nìyẹn! Wọ́n á bo gọ́tà yìí, wọ́n á kun ilé. Má gbàgbé àtíbàbà mi o.”

Muslimat kò lè rẹ́rìn-ín. Bàbá tí kì í tan ọmọdé pàápàá pé òun á ra àkàrà bọ̀fúróòtù bọ̀, tí kò bá ní í rà á!

Nígbà tí wọ́n pe ìrun alásárì, ó ṣe àlùwàlá, ó sì lọ dúró lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta fún àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí kékeré wọn. Ohùn tó kábàárá kì í ṣe ti Bàbá tó máa ń síwájú ìrun. Ti Bàdírù ni, olùkọ́ kéú kékeré. Muslimat yọjú níbi aṣọ náà. Fìlà funfun Bàbá ló rí ní ìlà sàfù tó kẹ́yìn pátápátá, nítòsí bàtà. Láti kékeré rẹ̀, kò rí wọn lẹ́yìn ẹnì kankan rí.

“Ṣé ara Àáfà kò yá ni?” ẹnì kan bi Bàdírù lẹ́yìn ìrun.

“Wọ́n ní kí n máa síwájú lọ. Wọn ò sọ ìdí.”

Muslimat fi ìbòrí bojú. Ojú ń tì í débi pé kò lè gba àárín àwọn obìnrin kọjá. Ó dúró kí gbogbo wọn tú ká tán.

Ó bá Bàbá nílé kéú, wọ́n ń fi wáyà di wàláà kan tó ti là. Ó kúnlẹ̀.

“O ti dé? Àǹtí rẹ ń kọ́?”

“Wọ́n ń kí yín. Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ òótọ́ fún wọn?”

“Kí n sọ lójú àlejò pé ọmọ ọmọ mi ń purọ́?” Bàbá ṣì ń lọ́ wáyà. “Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo ti dá wọn lóhùn kí n tó mọ̀.”

“Ṣé torí ẹ̀ lẹ ò ṣe síwájú mọ́?”

“Ọwọ́ tí mo gbé sókè fún òkú tí kò sí, Muslimat, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e sókè níwájú àwọn tó wà láàyè?”

Bàbá kò bú u. Bí wọ́n bá tiẹ̀ bú u, ì bá sàn. Muslimat mọ̀ pé bí òun bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ náà á kú síbẹ̀. Bàbá kò ní í tú u láé. Ó rí ara rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ afinimọ̀nà tí orúkọ rẹ̀ wà láyà, tó ń síwájú àwọn àlejò, tí wọ́n ń fetí sí i bí ẹni ń fetí sí ìwé. Ó rí gọ́tà tí wọ́n bò. Ó rí Bàbá nítòsí bàtà títí ọjọ́ alẹ́ wọn. Pé òun tiẹ̀ lè gbé àwọn nǹkan yìí lé orí ìwọ̀n, ìyẹn gan-an ló tì í lójú jù.

“Bàbá,” ó ní, ó gbójú sókè, “lọ́la, mo máa lọ bá Màdámù ní ọ́fíìsì wọn. Mo máa sọ fún un pé kò sí ọmọ ọba kankan níbí, omi wàláà là ń dà síbẹ̀. Èmi ni mo purọ́, ẹ̀yin kàn bò mí láṣìírí ni. Kí wọ́n gbé ìrànwọ́ náà fún àdúgbò mìíràn. Tí mo bá dé, màá sọ ọ́ fún Ìsìlà, màá sì sọ ọ́ fún gbogbo ará mọ́ṣáláṣí.”