Awakọ̀ Òṣùpá Tó Há Sẹ́nu Ọ̀nà

Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ fún káfíńtà kan pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí rẹ̀, nítorí òòyì tó ń kọ́ ọ, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Á jókòó, á dìde. Á gbé ayùn, á gbé e sílẹ̀. Ó ti dé ọsibítù lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe rí ihò funfun inú ẹ̀rọ náà tí wọ́n ní kó sùn sí, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, ló bá gba ẹ̀yìn lọ sílé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, kò bá a jà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rí nínú ihò yẹn?"

"Pósí. Èmi tí mo ti kan pósí títí, ṣé mi ò ní mọ ohun tó jọ ọ́ ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àbúrò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé orí pákó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fá, ó tan fíìmù kan. Fíìmù tó ń fi àwọn tó ń rìnrìn àjò lójú ọ̀run lọ sí òṣùpá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Agolo àti ọmọrí ìkòkò ni wọ́n fi kan ọkọ̀ wọn. Awakọ̀ ń kéde pé òun ń lọ gba ayé là, ló bá há sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, orí nínú, ìdí níta. Ẹ̀rọ ń dún gbì-gbì-gbì, ará òṣùpá kan sì ń fi ìgbálẹ̀ tì í lẹ́yìn.

Káfíńtà fajú ro. "Ta ló kan ilẹ̀kùn yìí? Wọn ò wọn ọkùnrin náà ni?" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e jókòó sórí eérún pákó. "Àwọn fíìmù yòókù máa ń ṣe bíi pé ẹ̀rọ ló ni ayé. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ pé èèyàn ló wà nínú ẹ̀, èèyàn sì nídìí."

Ọjọ́ tí wọ́n tún dá fún un pé, òun àti àbúrò rẹ̀ jọ lọ. Ó wọ inú ihò. Gbì-gbì-gbì. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń yàwòrán sọ̀rọ̀ láti yàrá rẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira. Ṣé ẹ ń sunkún ni?"

"Rárá, ọmọ mi. Ẹ̀rín ni."

"Ẹ̀rín kẹ̀?"

"Bi àbúrò mi níta."

Wọ́n tún àwòrán náà yà kó tó hàn dáadáa. Dókítà ní kókó kékeré kan wà lẹ́yìn etí, kì í ṣe èyí tó ń pani, àmọ́ àwọn máa fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́ lóṣù tó ń bọ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, káfíńtà ń yára lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn bá àbúrò rẹ̀.

"Ṣé kò sí fíìmù tí àwọn ará òṣùpá ti ń ṣiṣẹ́ abẹ fún èèyàn?"

"Màá wá a."

"Wá a lónìí."