Màámi Lórí Àga Gómìnà

1.

…kí n tó yíjú padà, Màámi ti jókòó sórí àga Gómìnà.

Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ àga o. Orí rẹ̀ gan-an. Wọ́n ti fo okùn pupa tí wọ́n nà síwájú rẹ̀, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n ti na ẹsẹ̀, wọ́n ti gbé báàgì lé itan.


2. OHUN TÍ WỌ́N KỌ SÁRA ÒGIRI

ILÉ GÓMÌNÀ ÀTIJỌ́
Ẹ MÁ FỌWỌ́ KAN NǸKAN KAN.
Ẹ MÁ JÓKÒÓ SÓRÍ ÀGA.
ÀGA YÌÍ DÀGBÀ JÙ YÍN LỌ.


3.

Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì pàdé Màámi.


4.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, Màámi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, bí èèyàn bá kí wọn, wọ́n ń dáhùn. Ẹ̀rín nìkan ni kò sí.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ dókítà, ní afẹ́fẹ́ òkun ló máa wò wọ́n sàn. Òun ò lè ti ọsibítù. Aránṣọ ni èmi. Wọ́n gbà pé aránṣọ lè ti ṣọ́ọ̀bù. Bí èmi tí omi inú garawa ń já láyà ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù nìyẹn.


5. ÀṢẸ LÁTỌ̀DỌ̀ DÓKÍTÀ (ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlẹ̀kùn yàrá òtẹ́ẹ̀lì)

Ohun tí Màmá ò gbọ́dọ̀ sún mọ́:
— oòrùn ọ̀sán
— iyọ̀
— ọkọ̀ kékeré
— àríyànjiyàn
— ẹni tí a ò mọ̀ rí

Màámi kà á tán, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n fi ń fẹ́ ara wọn.


6. BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE LỌ NÍNÚ ILÉ GÓMÌNÀ

AFINIMỌ̀NÀ (ọ̀dọ́bìnrin kan, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ gún régé, ojú ìránṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló wọ́): Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Gómìnà ló ń jókòó síbẹ̀.

MÀÁMI: Ṣé ó ń bọ̀ ni?

AFINIMỌ̀NÀ: Rárá, Mà. Ó ti kú tipẹ́.

MÀÁMI: Ìdí ni òun náà fi ń jókòó síbẹ̀ bíi tèmi, àbí kí ló fi ń jókòó?

ÈMI: Màámi, ẹ̀ ń dójú tì mí.

MÀÁMI: Orúnkún ló ń dùn mí. Ìtìjú tìẹ lè ní sùúrù.

AFINIMỌ̀NÀ (ó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀): Ẹ ṣé. Gómìnà òyìnbó tó ni àga yìí kì í fẹ́ kí omi kan bàtà òun. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti dé, àwọn apẹja ló ń pọ̀n ọ́n wá sí etíkun. Lọ́jọ́ kan, ẹsẹ̀ ẹni tó pọ̀n ọ́n yọ̀, Gómìnà sì já sómi.

OHÙN ỌKÙNRIN KAN LẸ́NU Ọ̀NÀ: Irọ́! Ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò yọ̀!


7.

Àgbà apẹja kan ni. Bàbá Ìgbì ni gbogbo erékùṣù ń pè é. (Ó yẹ kí n máa pè é ní “wọ́n”. Inú ń bí mi ni.) Ẹja ló gbé wá fún ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ilé, omi ẹja sì ń kán tó, tó, tó sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi epo nù.

Ó ní bàbá bàbá òun ló pọ̀n Gómìnà lọ́jọ́ náà. Ó ní ibi tí Gómìnà ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ti ń sọ pé òun máa fi kún owó orí àwọn apẹja.

“Bàbá bàbá mi dúró. Ó ní, ‘Ẹ tún un sọ, sà, ìgbì ò jẹ́ kí n gbọ́.’ Gómìnà tún un sọ. Bàbá bàbá mi wá jọ̀wọ́ rẹ̀.”


8.

Màámi rẹ́rìn-ín.


9.

Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́. Ẹ̀rín tó ń mú èèyàn wá nǹkan dì mú. Apá àga ni wọ́n dì mú. Apá àga sì yọ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Afinimọ̀nà gbé ọwọ́ lé orí. Bàbá Ìgbì fa okùn àwọ̀n yọ lápò, ó so apá náà padà, ó fi itọ́ dán an. Àwa mẹ́rin jọ gbà pé a ò rí nǹkan kan.


10. LÓRÍ FÓÒNÙ

DÓKÍTÀ: Màmá ńkọ́?
ÈMI: Wọ́n rẹ́rìn-ín.
DÓKÍTÀ: Ọlọ́run ṣeun! Kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín?
ÈMI: Ìtàn ìjọba òyìnbó.
DÓKÍTÀ: Àǹtí, ṣé ara yín yá?


11.

Ilẹ̀ mọ́, Màámi ní àwọn fẹ́ rí abúlé apẹja. Ọkọ̀ kékeré. Oòrùn ọ̀sán. Bàbá Ìgbì ló ń tukọ̀, ó sì ń tún ìtàn Gómìnà sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Gómìnà já sómi pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ajá rẹ̀.

Mo ní, “Lánàá, ẹ ò dárúkọ ajá.”

Ó ní, “Lánàá, ẹ ò tíì di ará ilé.”

Ọkọ̀ ò lè dé ilẹ̀ gbígbẹ. Bàbá Ìgbì sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó kẹ́yìn sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ìyá Aránṣọ, ó yá.”

“Ṣé ẹ ò ní jọ̀wọ́ mi?”

“Ó dọwọ́ ohun tí ẹ bá ń sọ lẹ́yìn mi.”

Màámi di ẹnu wọn mú títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n sá àwọ̀n sí, èjìká wọn sì ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Àwọn obìnrin tó ń la ẹja fi ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Èmi fẹsẹ̀ ara mi rìn. Omi dé ìbàdí mi. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ gun ẹ̀yìn.


12. OHÙN MÀÁMI LÓRÍ FÓÒNÙ (àbúrò wọn obìnrin ni wọ́n rò pé wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí, ọ̀dọ̀ mi ló já sí)

“Àbúrò mi, o ò ní gbà gbọ́. Ẹnì kan pọ̀n mí lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni, pọ̀n! Mo ti pọ̀n ọmọ, mo ti pọ̀n ọmọ-ọmọ. Nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, èmi ni mo ń gbé e dìde tí mo ń gbé e sùn. Láti ìgbà tí ìyá wa ti sọ̀ mí kalẹ̀, kò sẹ́ni tó pọ̀n mí mọ́. Má sọ fún ọmọ mi o. Ó ti ń fajú ro. Ó rò pé mo fẹ́ gbàgbé bàbá òun. Mi ò gbàgbé. Ó kàn ti sú mi kí n máa fi ẹkún nìkan rántí ẹ̀.”


13.

Mo gbọ́ ọ tán. Mo tún gbọ́ ọ.


15. (Kò sí ìkẹrìnlá. Mo kọ ọ́, omijé mi mú un tutù, mo yọ ọ́.)

Bàbá Ìgbì gbé ẹja wá sí òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n béèrè bóyá èmi náà máa jẹ níbẹ̀. Mo ní màá jẹ.


16. ÈBÚTÉ, ỌJỌ́ ÀTILỌ

AWAKỌ̀: Ẹ wọlé, a ti fẹ́ ṣí o!

ÈMI: Màámi, ẹrù yín dà?

MÀÁMI: Ó wà ní yàrá. Máa lọ.

ÈMI: Ṣé ẹ fẹ́ràn bàbá yẹn ni?

MÀÁMI: Mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mi ò fi tíì lè lọ nìyẹn.

BÀBÁ ÌGBÌ (láti òkèèrè): Ṣé èmi lẹ̀ ń bá wí?

MÀÁMI: Rárá o! Oòrùn là ń sọ!

DÓKÍTÀ (lórí fóònù tí mo nà sókè): Àǹtí, ẹ fà wọ́n wọ ọkọ̀!

MÀÁMI: Dókítà mi. Ṣé o ti jẹun?

DÓKÍTÀ: …Rárá, Mà.

MÀÁMI: Lọ jẹun.


17.

Ẹ́ńjìnnì ti dún. Ẹsẹ̀ mi kan wà nínú ọkọ̀, èkejì wà lórí pákó èbúté, ọkọ̀ sì ń sún kúrò díẹ̀díẹ̀. Èmi ni mo rán síkẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀. Mo mọ ibi tó lè fẹ̀ dé.

Awakọ̀ ní, “Àǹtí, ẹ mú ọ̀kan.”

Mo wo Màámi. Wọn ò pè mí. Wọn ò tún sọ pé kí n máa lọ. Wọ́n kàn sún díẹ̀ lórí pákó tí wọ́n jókòó sí, wọ́n sì fi ọwọ́ gbọn iyanrìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.