Ẹ Má Jẹ̀ẹ́ Kó Sún Mọ́ Àwọn Tèmi

"Wọ́n ní Ìyá Àgbà ní ẹṣin Ìyàwó ò gbọdọ̀…"

"Ò gbọdọ̀ kí ni?"

"Èmi ò sí níbẹ̀ o. Mo kàn ń já koríko sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni, ni mo bá gbọ́ fìrí. Ó ní, 'Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sún mọ́ àwọn tèmi.' Ohùn yẹn náà le. Ẹni bá sì ní kí ẹṣin ẹni má sún mọ́ tòun…"

"Hẹ̀n-ẹ́n?"

"Ìwọ náà parí ẹ̀."

Bí Mo-gbọ́-fìrí, ọkùnrin tó ń kó koríko wá fún wa, ṣe rò ó fún alágàárì nìyẹn, ẹni tó ń bá wa tún gàárì ẹṣin rán. Alágàárì sì parí ẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà máa fi dé etí Ìyàwó, ó ti hu ìrù, ó ti hu gọ̀gọ̀, ó kù díẹ̀ kó máa sáré. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odidi. Tó bá dénú Mo-gbọ́-fìrí, méjì ààbọ̀ ló ń dà.

Ìyàwó tí mò ń wí yìí ni ìyàwó àbúrò bàbá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré. Kò tíì pẹ́ tó wọlé wa. Bàbá ẹ̀ fún un ní ẹṣin kan pé kó mú lọ sílé ọkọ, ẹṣin pupa kan tí iwájú orí ẹ̀ funfun, tó ń jẹ́ Jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹṣin náà dé, ńṣe ni Ìyàwó ń fi aṣọ nu ojú ẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó fẹ́ lọ iléèwé. Ó ti ń fà á lọ sí ilé ẹṣin ńlá kí Ìyá Àgbà tó yọ sí i, ìyá tó bí bàbá mi, tó sì ni ọgbà ẹṣin wa látòkèdélẹ̀.

"Rárá o," ni Ìyá Àgbà wí. "Ahéré ẹ̀yìn ògiri lọ́hùn-ún ni kó máa gbé ná, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìgbálẹ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Òun ni kí ẹ máa kọ́kọ́ fún lóúnjẹ. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tèmi ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láì fọwọ́, láì pààrọ̀ bàtà."

Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé ó dáa kí ẹran tuntun dá wà fúngbà díẹ̀. A ò mọ ohun tó gbé bọ̀ lọ́nà. Àmọ́ ọgbà tiwa ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹṣin tuntun bá wọlé láàárọ̀, tó bá máa di ọ̀sán, ó ti ń bá àwọn tó kù du koríko. Bí dókítà ẹran bá sọ̀rọ̀, Ìyá Àgbà á ní, "Ikọ́ ẹṣin? Ikọ́ ò mọ ọ̀nà ọgbà mi." Ó ti fi gbólóhùn yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ gbogbo àwọn tó ń sin ẹṣin ládùúgbò, débi pé wọn kì í kí i tán mọ́ tí wọ́n á fi sá lọ.

Ohun tó dun Ìyàwó gan-an nìyẹn.

"Ọkọ mi, ṣé ẹṣin kan ò wọ ọgbà yìí rí kí tèmi tó dé ni?"

"Wọ́n pọ̀," ni Bàbá Kékeré dáhùn.

"Èwo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú wọn?"

Bàbá Kékeré wo òkè. "Ó jọ pé òjò máa rọ̀. Jẹ́ kí n lọ wo páànù yẹn."

Páànù ò ṣe nǹkan kan. Ọkùnrin tó bá bọ́ sáàárín ìyá àti ìyàwó kì í wá iṣẹ́ tì lórí òrùlé.

Ohun mìíràn tún wà nílẹ̀ nígbà náà. Ìyá Àgbà ń húkọ́. Tó bá wà nínú ilé, ara ẹ̀ á le koko. Àfi tó bá wà nítòsí ilé ẹṣin ńlá ni ikọ́ náà máa ń mú un. Bàbá Kékeré ra oògùn olómi kan tó korò débi pé ó kù díẹ̀ kí ṣíbí fojú ro. Ìyá Àgbà mu ún tán, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti fu wọ́n lára. Ìyàwó alára, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe ń bínú, ń gbé omi gbígbóná àti oyin wá láràárọ̀. Á gbé ife náà kalẹ̀ gbàà, á ní, "Ẹ mu ún kó tó tutù, Màmá," á sì kọjú sí ògiri.

Olóyè ló ń húkọ́. Òun ni ẹṣin arúgbó tí Ìyá Àgbà fẹ́ràn jù. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà á tètè gbè é bí ẹni ń gbe orin, kí ẹni tó wà lóde lè rò pé òun ni. Dókítà ní kí wọ́n gbé e kúrò láàárín àwọn tó kù. Ìyá Àgbà ní tí Olóyè bá fi yàrá tó ti ń gbé látọjọ́ yìí sílẹ̀, gbogbo ayé á béèrè ìdí.

Mo mọ̀, torí pé lọ́jọ́ tí Mo-gbọ́-fìrí gbọ́ fìrí, èmi gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mò ń rẹ koríko sómi ní yàrá tó tẹ̀lé ti Olóyè. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, mi kì í mí sókè, wọ́n á sì gbàgbé pé èèyàn wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà ló kọ́ mi níwèé nílé. Á sọ̀rọ̀ kan, á ní kí n tún un sọ: "Láì yọ, láì fi kún." Òun náà ló sì kọ́ mi pé iṣẹ́ tí àgbà ò rán ọmọ, ọmọ ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Mo bá panu mọ́. Olóhùn-Iyọ̀ ni Ìyàwó ń pè mí. Ó ní òun mọ̀ pé iyọ̀ ni, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni mò ń bù ú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyàwó fi ìjánu sí Jẹ́jẹ́ lẹ́nu, ó fà á gba àárín àgbàlá, ó kọjú sí ilé ẹṣin ńlá tààrà.

"Ó tó gẹ́ẹ́! Bí ẹṣin mi bá dọ̀tí, ká jọ dọ̀tí. Tí kò bá sì wọlé yìí lónìí, èmi àtòun ń padà sílé bàbá mi."

Ìyá Àgbà na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. Ara ẹ̀ ò ju ti adìyẹ lọ, ṣùgbọ́n ó dí i.

"Má mú un wọlé, ìyàwó mi. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún mi, Màmá."

Ìyá Àgbà tún na apá méjèèjì sí i. Jẹ́jẹ́ na ọrùn kọjá lókè èjìká ẹ̀, ó ń gbóòórùn koríko inú ilé. Olóyè náà na tiẹ̀ bọ̀ wá kí àlejò. Imú àwọn méjèèjì kù díẹ̀ kó kanra ni Olóyè bá húkọ́.

Ìyá Àgbà sáré gbè é, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀. Olóyè ti parí tiẹ̀.

Bàbá Kékeré yọrí látorí òrùlé. "Màmá, ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń húkọ́?"

Mo rí ara mi tí mo ju koríko ọwọ́ mi sílẹ̀, tí mo di ìjánu Jẹ́jẹ́ mú, tí mo sì fà á sẹ́yìn títí ó fi dé àárín àgbàlá. Ìyàwó ń wò mí bí ẹni tó rí ògiri tó ń rìn.

"Kí ni Màmá sọ nípa ẹṣin mi gan-an?" ló béèrè.

Mo-gbọ́-fìrí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já koríko sílẹ̀, tẹ̀ síwájú. "Ó ní, 'Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó…'"

"Dákẹ́!" ni Ìyá Àgbà, Ìyàwó àti Bàbá Kékeré wí pa pọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jọ sọ látìgbà tí ẹṣin náà ti dé nìyẹn.

"Ẹ bi ọmọ yìí nígbà náà," ni Mo-gbọ́-fìrí wí. "Inú ilé ẹṣin ló wà lọ́jọ́ náà. Mo rí ẹsẹ̀ ẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo wo Ìyá Àgbà. Ó mí kanlẹ̀, ó sọ apá ẹ̀ méjèèjì kalẹ̀.

"Ṣé mo kọ́ ọ, àbí mi ò kọ́ ọ?"

"Ẹ kọ́ mi, mà."

"Ó dáa. Tún un sọ bí mo ṣe sọ ọ́. Láì yọ, láì fi kún."

Mo ní:

"'Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó sún mọ́ àwọn tèmi. Olóyè ti ń húkọ́, dókítà, àwọn tó kù sì ti bá a mu omi kan náà. Ẹṣin ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ò ní kó ikọ́ nílé mi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà bínú sí mi ná, kí ẹṣin ẹ̀ ṣáà wà lálàáfíà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ikọ́ ti mọ ọ̀nà ọgbà mi o. Pàápàá jù lọ, ọkùnrin oníkoríko yẹn.'"